Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ní Yúróòpù ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ rèé

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí fídíò ère kékeré kan lórí Facebook, TikTok tàbí WhatsApp. Ó wọ aṣọ mọ́ńkì, ó ń rìn, ó ń yí ojú, ó sì ń la ẹnu bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwọn kan á ní rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ láyé nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń darí rẹ̀. Àwọn kan á tún fi Leonardo da Vinci kún un, wọ́n á ní ó ti ṣe jagunjagun onírin tó ń rìn láti ọdún 1495.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àbùmọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ṣé ère mọ́ńkì náà wà lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà ní National Museum of American History, ọ̀kan lára àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Smithsonian ní ìlú Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 1977 ló dé ọwọ́ wọn. Igi àti irin ni wọ́n fi ṣe é, gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ọdún 1560 ni wọ́n ṣe é, yálà ní Sípéènì tàbí ní gúúsù Jámánì.

Kí ló ń mú un rìn?

Sípírìǹgì ni, kì í ṣe ẹ̀mí. Ẹ rántí aago àtijọ́ tí wọ́n máa ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ náà ni sípírìǹgì inú rẹ̀ ń ká jọ. Tí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀, á máa tú díẹ̀díẹ̀, á sì máa yí àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí eyín wọn wọ inú ara wọn.

Àmọ́ ńṣe ni kẹ̀kẹ́ ń yí po. Báwo ni apá ṣe wá ń lọ sókè sódò? Iṣẹ́ ọpọlọ wà níbí. Wọ́n gé irin pẹlẹbẹ, wọn ò jẹ́ kí etí rẹ̀ rí roboto. Bí irin náà ṣe ń yí, ibi tó yọ síta á ti ọ̀pá kan sókè, ibi tó wọnú á jẹ́ kí ọ̀pá náà padà sílẹ̀. Irú ọ̀nà yìí ni ère náà fi ń fi ọwọ́ ọ̀tún lu àyà, tó ń fi ọwọ́ òsì gbé àgbélébùú àti rósárì sókè, tó sì ń gbé àgbélébùú náà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fi ẹnu kò ó.

Ẹsẹ̀ tí ẹ ń rí yẹn kọ́ ló ń gbé e lọ. Kẹ̀kẹ́ tó fara pamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ṣé AI ni? Ṣé òun sì ni àkọ́kọ́?

Rárá sí méjèèjì. Kò ríran, kò gbọ́ràn, kò sì lè yí èrò padà. Tí ẹ bá gbé bíríkì síwájú rẹ̀, kò ní mọ̀. Kódà, wọn ò tíì dá ọ̀rọ̀ náà “robot” sílẹ̀ nígbà yẹn. Inú eré orí ìtàgé tí Karel Čapek, ọmọ orílẹ̀-èdè Czech, kọ ní ọdún 1920 ló ti jáde.

Ní ti pé òun ni àkọ́kọ́, al-Jazari ti parí ìwé kan ní ọdún 1206, ní agbègbè tó ti di ara orílẹ̀-èdè Turkey lónìí. Ó ṣàlàyé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ nínú rẹ̀, títí kan èyí tó ní àwọn ère onílù àti olórin.

Ìtàn ọba àti ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Ìtàn tó máa ń bá fídíò náà rìn ni pé, ní ọdún 1562, Don Carlos, ọmọ Ọba Philip Kejì ti Sípéènì, ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi orí ṣèṣe gidigidi. Wọ́n gbé òkú Diego ti Alcalá, mọ́ńkì kan tó ti kú láti ọdún 1463, wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ọmọ náà yè é. Títí débí, àkọsílẹ̀ wà.

Èyí tí kò ní àkọsílẹ̀ ìgbà náà lẹ́yìn ni pé ọba wá ní kí Juanelo Turriano, tó ń ṣe aago fún un, ṣe ère tó jọ Diego láti fi dúpẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀jáfáfá ni Turriano. Òun ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú odò Tagus gòkè lọ sí ìlú Toledo. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tún sọ pé ó ṣe ọkùnrin onígi kan tó ń rìn kiri ìgboro ibẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọkùnrin onígi náà pe òpópónà kan títí dòní. Ṣùgbọ́n orúkọ òpópónà kì í ṣe ẹ̀rí.

Jagunjagun Leonardo ńkọ́?

Àwòrán ìlà tó yà sínú ìwé rẹ̀ ló wà. Carlo Pedretti, onímọ̀ nípa iṣẹ́ Leonardo, ló kíyè sí i ní àwọn ọdún 1950. Kò sí ẹ̀rí pé Leonardo kàn án rí. Jagunjagun onírin tí ẹ ń rí nínú fọ́tò, àwọn èèyàn ìgbà tiwa ló kàn án. Mark Rosheim kan ọ̀kan ní ọdún 2002, ó ń tẹ̀ lé àwòrán ìlà wọ̀nyẹn.

Àkótán

Mọ́ńkì náà wà, ẹ̀rọ bíi ti aago ló sì ń gbé e rìn. Ìtàn pé ọba ló ní kí wọ́n ṣe é kò ní ẹ̀rí tó dájú. Ti Leonardo, àwòrán ìlà ni, kì í ṣe ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà míì tí irú rẹ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ṣé ohun tó ṣeé fojú rí ni, ṣé àwòrán ni, àbí ìtàn lásán? Ẹni tó bá pè é ní iṣẹ́ ẹ̀mí òkùnkùn ń tan irọ́ kálẹ̀, ó sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ọpọlọ ọmọ èèyàn du ẹni tó ṣe é.