Ọ̀nà tí akéwì Níyì Ọ̀ṣúndáre tọ̀: láti oko Ìkẹ́rẹ́ dé yunifásítì

Bí ọmọ kan ní Agoè-Nyivé bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ewì ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: «Ṣé ewì ni ìwọ yóò máa jẹ?» Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ẹni tó ń tajà ní Assiyéyé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ bí a ṣe ń kó owó ilé ẹ̀kọ́ jọ. Ọ̀nà náà sì jìn. Lẹ́yìn BAC, ọdún 3 ni licence, ọdún 2 ni master, doctorat sì ń gbà tó ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó wà ní òpin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ẹni tó ti rin ọ̀nà náà ni yóò dá a lóhùn jù. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nípa Níyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì ọmọ Yorùbá tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé.

Ọmọ àgbẹ̀ àti ahunṣọ

Ọdún 1947 ni a bí Níyì Ọ̀ṣúndáre ní ìlú Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ní Nàìjíríà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ọ̀kọrin àti onílù. Ìyá rẹ̀ ń hun aṣọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, orin, òwe, àlọ́ àti oríkì ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ ń lọ. Kò sí pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba ìwé-ẹ̀rí. Síbẹ̀, etí ọmọ ń kọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, àti ibi tó yẹ kí ohùn ti sinmi.

Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Amoye Grammar School ní Ìkẹ́rẹ́ àti Christ's School ní Adó-Èkìtì, kí ó tó wọ Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọdún 7, orílẹ̀-èdè 3

Ní 1972, ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Oyè yìí ni ó bá licence tiwa dọ́gba. Ní 1974, ó gba master ní Yunifásítì Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1979, ó gba doctorat ní Yunifásítì York, ní ìlú Toronto, ní Kánádà. Láti oyè àkọ́kọ́ dé oyè ìkẹyìn, ọdún 7 ni.

Ohun tí ó ṣe ìwádìí lé lórí fún doctorat yẹ kí a kíyè sí. Ó wo bí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ní Nàìjíríà ṣe ń gbé láàrin èdè méjì àti àṣà méjì. Wọ́n ń kọ ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èdè ilé wọn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Lomé, níbi tí ènìyàn ti ń sọ Yorùbá nílé, tí ó ń fi Ewé nájà, tí ó sì ń fi Faransé kọ ìwé ní ọ́fíìsì. Èdè ilé tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú ni Ọ̀ṣúndáre gbé wọ yunifásítì, òun náà ni ó sì fi gba oyè tó ga jù lọ níbẹ̀.

Ewì padà sí ọjà

Ó padà sí Ìbàdàn, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì tó ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ní 1983, ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Orúkọ rẹ̀ ni Songs of the Marketplace, ìyẹn ni Àwọn Orin Ọjà. Ẹni tó ti gba doctorat kò kọ̀wé fún àwọn olóyè bíi tirẹ̀ nìkan. Ó gbà pé ti gbogbo ènìyàn ni ewì, bí ọjà ṣe jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ní 1985, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì sínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune, kí ẹni tó ra ìwé ìròyìn lè rí ewì kà pẹ̀lú ìròyìn.

Ẹ̀bùn tẹ̀lé e. Ní 1986, ó gba Ẹ̀bùn Ewì Commonwealth nítorí ìwé The Eye of the Earth. Ní 1991, ó gba Ẹ̀bùn Noma nítorí Waiting Laughters. Ní 2014, ìjọba Nàìjíríà fún un ní ẹ̀bùn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó ta yọ.

Ṣé a lè kọ́ ènìyàn ní ewì kíkọ?

Ní 1997, Ọ̀ṣúndáre lọ kọ́ni ní Yunifásítì New Orleans, ní Amẹ́ríkà. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ òǹkọ̀wé jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a ń gba oyè fún. Ní Yunifásítì Iowa, irú ilé ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1936. Romeo Oriogun, akéwì ọmọ Nàìjíríà, kẹ́kọ̀ọ́ gboyè níbẹ̀. Ní 2022, ìwé rẹ̀ Nomad gba Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí? Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ewì tó kọ wá. Á kà á sókè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sọ ibi tó dùn àti ibi tí kò yé wọn. Olùkọ́ á fi ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù hàn án, á sì ní kí ó lọ tún un ṣe. Aránṣọ kò lè fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ojú tó mọ aṣọ tó dára, ṣùgbọ́n ó lè kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn aṣọ, bí a ṣe ń gé e, àti bí a ṣe ń tú ohun tí a rán wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ akéwì.

Nígbà tí omi wọlé

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì líle tí a ń pè ní Katrina kọlu New Orleans. Omi bo ilé Ọ̀ṣúndáre. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sá gun inú àjà ilé, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 26 kí aládùúgbò kan tó fi ọkọ̀ ojú omi gbà wọ́n. Ẹ̀mí wọn yọ, ṣùgbọ́n àwọn ìwé rẹ̀ àti àwọn iṣẹ́ tí kò tíì tẹ̀ jáde bá omi lọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire fún un ní iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó padà sí New Orleans. Ní 2011, ó tẹ ìwé ewì City Without People jáde lórí ìjì náà. Omi lè kó ìwé lọ, ṣùgbọ́n kò lè kó ohun tí ẹni náà mọ̀ lọ.

Ìdáhùn fún ìyá ọmọ náà

Ǹjẹ́ ewì ni Ọ̀ṣúndáre ń jẹ? Rárá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó fún un ní owó oṣù. Oyè mẹ́ta tó gbà ló ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà fún un. Ṣùgbọ́n oyè nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di akéwì: ohùn bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló fún un ní ohun tí yóò kọ. Nítorí náà, òbí lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé: «Kọ ewì rẹ, ṣùgbọ́n parí ẹ̀kọ́ rẹ, kí o sì mọ iṣẹ́ tí o fẹ́ fi oyè rẹ ṣe.» Yunifásítì Lomé, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, ní ibi tí a ti ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà náà ní ipa láti kó. Orin tí ìyá yín fi ń rẹ̀ yín, oríkì ilé yín, orin àwọn àgbà Ifẹ̀ ní Atakpamé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì sí nínú ìwé kankan. Bí omi ṣe ń kó ìwé lọ ni ikú ń kó àgbà lọ. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ kọ orin kan sínú rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì kọ́ ọmọ yín ní orin náà, kí ó lè wà lórí ìwé àti lórí ahọ́n. Bí ọmọ náà bá di akéwì lọ́la, yóò ti ní ohun tí yóò mú lọ sí yunifásítì.