Igbà, okùn àti ẹni tó ń rọ̀ lórí igi

Láti Nunhead níbí náà ni. Àbúrò mi kan fẹ́ lọ ṣọdẹ ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí ọdẹ fi bẹ́líìtì àti okùn so ara rẹ̀ mọ́ igi, tí wọ́n ń pè ní saddle hunting. Mo ní, ṣebí igbà adẹ́mu nìyẹn! Okùn tó yí adẹ́mu àti ọ̀pẹ po kì í kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, ẹ yẹ okùn àti kókó rẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ okùn lókè, ẹ so èkejì kẹ́ ẹ tó tú èkíní. Ibẹ̀ gan-an lewu wà.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wá kù. Ẹni tó já, tí bẹ́líìtì gbé dúró, kò tíì bọ́. Tó bá ń rọ̀ láìmira, ẹ̀jẹ̀ á dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lè dákú. Kó máa mi ẹsẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tẹ́ ẹ wà, kí wọ́n tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn kan ní ká gbé e jókòó. Ìwádìí tí HSE gbé jáde ní 2009 kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kẹ́ ẹ wò bóyá ó ń mí.

Mo ti sọ fún àbúrò mi: kó má dá lọ.