Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ìwọ̀n Jíà Axle Píkọ́ọ̀pù Yín

Ẹni tó ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ la kọ ìwé ìlàlóye yìí fún, àti ẹni tó ń fi tirẹ̀ kó ẹrù, ì báà ṣe iṣu láti Ṣakí tàbí búlọ́ọ̀kù láàárín Ìbàdàn. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ differential, tí ẹ fẹ́ wọ táyà tó ga sí i fún ọkọ̀ náà, tàbí tí ọkọ̀ yín ń mí hẹlẹ lórí òkè tí kò tó nǹkan, nọ́ńbà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Nọ́ńbà wo ni?

Pùrópẹ́là ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, differential ló sì ń pín in fún táyà méjèèjì. Nínú differential yìí, irin eléyín kékeré tí wọ́n ń pè ní pinion ló ń yí irin róbótó ńlá tí wọ́n ń pè ní crown. Bí eyín pinion bá jẹ́ 11, tí ti crown jẹ́ 41, ẹ fi 11 pín 41. Ohun tí ẹ máa rí ni 3.73: òun ni ìwọ̀n jíà axle. Pùrópẹ́là á yí nígbà 3.73 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, bíi 4.10 tàbí 4.30, máa ń fa ẹrù dáadáa, ó sì máa ń gun òkè láìjanpata, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì á pọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, epo á sì máa lọ. Èyí tí tirẹ̀ kéré, bíi 3.31, á rọra máa sáré lọ ní tirẹ̀, àmọ́ bí ẹrù bá wúwo, ẹ ó máa já jíà wálẹ̀ ṣáá ni. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe ló máa sọ èyí tó dára fún yín.

Ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, kí ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń pa mọ́. Lórí ìwé tí Ford lẹ̀ síbẹ̀, ẹ wá àyè tí wọ́n kọ AXLE sí. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà méjì péré ló máa ń wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ F-150, 3.55 ni 19 dúró fún. Toyota máa ń kọ A/TM, tàbí TRANS/AXLE lára àwọn mìíràn: apá kan jẹ́ ti jíà, apá kejì jẹ́ ti axle. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹni tó ń ta pááàtì tó ní ìwé Toyota lọ́wọ́ á bá yín túmọ̀ rẹ̀. Ní ti Chevrolet àti GMC àtijọ́, inú àpótí kékeré iwájú èrò ọ̀tún ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí GU6 nínú àwọn àmì tó kún ibẹ̀, 3.42 ni, GT4 jẹ́ 3.73, GT5 sì jẹ́ 4.10.

Nígbà mìíràn, irin pẹlẹbẹ kan máa ń wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bóòtù ìdérí differential. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì nù ún. Bí ẹ bá rí 3L73 níbẹ̀ lára Ford, 3.73 ni, L àárín rẹ̀ sì ń sọ pé irú differential tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lásán nínú ẹrọ̀fọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ ni ìwé ara ilẹ̀kùn ń sọ. Kò mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ lo ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà ṣe sí i, kò sì mọ̀ bóyá mẹkáníìkì ti fi àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù rọ́pò axle rẹ̀ lẹ́yìn tó wọlé. Nítorí náà, ẹ kà á fúnra yín.

Kíka yíyí pùrópẹ́là

Ènìyàn mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí gbà. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, tí ilẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi òkúta tàbí igi tó nípọn dènà táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn wọn, nítorí bíréèkì ọwọ́ kò ní lè ràn yín lọ́wọ́: ẹ gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn tó lè yí. Ẹ jáàkì ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì gbé e lé orí ìdúró irin méjì. A ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáákì nìkan ló gbé e dúró, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi jíà sí fúrì. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ four-wheel, kí ó wà lórí 2H, níbi tí agbára ti ń lọ sí táyà méjì nìkan.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà kan, kí ẹ sì lẹ tépù funfun mọ́ pùrópẹ́là níbi tí ẹ ti lè fi tọ́ọ̀ṣì rí i láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá yí táyà náà díẹ̀. Bí táyà kejì bá ń yí padà sẹ́yìn, kí ẹnì kan di táyà kejì náà mú kó má mira. Ẹ yí tiyín nígbà 20 gééré, kí ẹni tó ń wo tépù máa ka iye ìgbà tí pùrópẹ́là yí. Bí táyà méjèèjì bá jọ ń lọ síwájú, ẹ yí i nígbà 10 péré. Bó ti wù kó jẹ́, 10 ni kí ẹ fi pín ohun tí ẹ kà.

Ìdí tí a kò fi ní kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni pé ojú lásán kò lè ya 3.55 sọ́tọ̀ kúrò lára 3.73. Nígbà tí yíyí bá pé mẹ́wàá, ọ̀kan á dúró sí 35 àti ààbọ̀, èkejì á kọjá 37. Bí ẹ bá kà á tó 39 ó lé díẹ̀, 3.91 ni, 41 jẹ́ 4.10, 43 jẹ́ 4.30.

Bí wọ́n bá ti tú differential sílẹ̀, kò sí wàhálà: ẹ ka eyín crown àti ti pinion, kí ẹ pín in bí a ṣe sọ lókè. 43 sí 10 ni 4.30, 39 sí 11 ni 3.55.

Ọkọ̀ four-wheel

Níbí la ti ń bẹ̀ yín jù lọ. Nọ́ńbà axle iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 3.73, tí wọ́n wá fi 4.10 síwájú, ẹ lè máa wa ọkọ̀ náà lórí 2H fún ìgbà pípẹ́ láìfura. Ọjọ́ tí ẹ bá fi í sí 4H, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba agbára, lórí ọ̀dà, pùrópẹ́là méjèèjì á so pọ̀, ọ̀kan nínú táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn á fẹ́ yára ju èkejì lọ ní bí ìdá mẹ́wàá, kò sì ní rí ibi yọ̀ sí. Táyà á máa há, ìdarí ọkọ̀ á le, ohun tó wà nínú transfer, àpótí jíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn, lè fọ́. Ẹ ka iwájú náà kí ẹ tó gbà pé wọ́n dọ́gba.

Táyà ńlá

Táyà tó ga máa ń dín agbára jíà kù bí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kan differential. Ọkọ̀ 3.73 tó bọ́ táyà ínǹṣì 30, tó wọ 33, á máa ṣe bí ẹni pé 3.39 ló wà níbẹ̀. Eré tí ojú díáàlì ń sọ náà á kéré sí èyí tí ọkọ̀ ń sá gan-an, ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà márosẹ̀ ẹ ṣọ́ra.

Bí ẹ bá wá ń lọ sí ọjà Ládìpọ̀ lọ ra differential, ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀, kí ẹ má sọ fún oníṣòwò pé “ti Hilux” nìkan, nítorí Hilux kan kì í ṣe ìkejì. Ẹ ní kó yí pinion lójú yín, kí ẹ ka yíyí rẹ̀ títí crown á fi yí po lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.