Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Ọgbọ́n àti Ọjà Tamale

Ní ìlú Tamale, ní apá àríwá ilẹ̀ Ghana, ni ìjọba dá Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìdàgbàsókè sílẹ̀ ní ọdún 1992. Iṣẹ́ àgbẹ̀, ìṣègùn àti ètò ìdàgbàsókè ìlú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu bí òbí kan níbẹ̀, tí ó gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ lọ kọ́ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ghana ní Legon, bá béèrè pé kí ni yóò fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìbéèrè náà tọ́. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ọjà Tamale fúnra rẹ̀ sì tó láti fi dáhùn ún.

Kí ó tó di òpin ọdún 1969, àwọn Yorùbá oníṣòwò pọ̀ ní ọjà náà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí wà lára wọn, a sì ti bí púpọ̀ nínú ọmọ wọn sí ilẹ̀ Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Dókítà K. A. Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò nílùú. Àwọn kan ta ọjà wọn ní gbàǹjo, àwọn mìíràn fi gbèsè tí ó yẹ kí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni ó wọ inú fìlọ́sọ́fì. Èkíní ń wádìí ohun tí ó wà àti irú ohun tí ó jẹ́. Kí ni ó ń sọ ènìyàn di àjèjì: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, tàbí ibi tí a bí i sí, tàbí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èkejì ń wádìí ìmọ̀. Wọ́n ní àwọn àjèjì ni kò jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ ríṣẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, ẹ̀rí wo ni ó sì wà? Ẹ̀kẹta, tí í ṣe lójíìkì, ń wò ó bóyá ìparí ọ̀rọ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mu. Bí a bá mú olè méjì tí wọ́n jẹ́ àjèjì, kò túmọ̀ sí pé gbogbo àjèjì ni olè. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀kọ́ nípa ìwà. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ọjọ́ 14 tó fún ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ilé ayé rẹ̀ síbẹ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwasi Wiredu, ọmọ Ghana tí ó kú ní ọdún 2022, fi ọdún 23 kọ́ni ní Legon. Ó kọ́ni pé ìpìlẹ̀ ìwà rere ni kí ènìyàn fi ara rẹ̀ sí ipò ẹlòmíràn, kí ó sì ka ire onítọ̀hún sí bí tirẹ̀. Yorùbá náà mọ̀ ọ́n: ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jùlọ nínú wọn. Ẹni tí ó bá wí pé ti ọdún 1969 burú, kò lè yin ti ọdún 1983.

Ẹnìkan lè wí pé Dókítà Busia fúnra rẹ̀ kọ́ fìlọ́sọ́fì ní Oxford. Òtítọ́ ni. Ìwé ẹ̀rí nìkan kò lè sọ ènìyàn di olódodo. Nítorí èyí gan-an ni kò fi yẹ kí ẹ̀kọ́ náà mọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń pàṣẹ nìkan. Ó yẹ kí ẹni tí a ń ka àṣẹ sí létí lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ohun tí ọmọ ará Tamale yóò mú bọ̀ wálé láti Legon nìyẹn, yóò sì wúlò fún un ní ọjà bí ó ti wúlò ní ilé ìgbìmọ̀.