Ìtìjú Tí Ó Ń Pa Wá Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti sàká. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni. Ó kan ohun tí a ń fi ojú rí nínú ọjà, ní gáréèjì àti ní àyíká mọ́sáláṣí, tí ọkàn wa ń sọ fún wa pé kò dára, ṣùgbọ́n tí a kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ojú ń tì wá.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Bí ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí bá ń fa ọmọ kékeré lọ́wọ́, tí ọmọ náà sì ń wo ẹ̀yìn, kí ni a máa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò wo ojú ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òun náà yóò wo ojú tiwa. Nígbà tí kò bá sí ẹni tí ó mira, oníkálùkù yóò wí nínú ara rẹ̀ pé, “Bóyá kò sí nǹkan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, tí ó sì já sí asán, wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní ọdún 1968, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, John Darley àti Bibb Latané, kọ ìwé nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sínú yàrá kí wọ́n máa dáhùn ìbéèrè sórí ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí èéfín máa rú wọlé láti ara ògiri. Nínú àwọn 24 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá wà nínú yàrá, 18 ni ó jáde lọ sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ènìyàn méjì tí wọ́n ti kọ́ pé kí wọ́n má mira jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan, nínú akẹ́kọ̀ọ́ 10, ẹyọ kan péré ni ó lọ sọ. Àwọn tí ó kù ń wúkọ́, wọ́n ń nu ojú, wọ́n sì ń kọ ìwé wọn lọ. Èéfín kan náà ni. Ojú àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó dí wọn lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, “Àlùfáà, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ń kọ́ wa pé ìtìjú jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́?” Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ Ànábì wa ni, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà onímọ̀ ti là á yé wa. Imam An-Nawawi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1277, mú ọ̀rọ̀ Ibn as-Salah wá nínú àlàyé rẹ̀ lórí ìwé hádíìsì Muslim, pé ohun tí ó bá ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti sọ òtítọ́ kì í ṣe ìtìjú ní tòótọ́, àìlera ni. Ìtìjú tòótọ́ ni èyí tí ń fà wá sẹ́yìn kúrò nínú iṣẹ́ ibi. Èyí tí kò bá jẹ́ kí a gba ọmọ ọlọ́mọ là, a kàn sọ ọ́ ní ìtìjú ni.

Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Ànábì fi àwọn tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ fẹ́ dá ihò sí apá tiwọn kí wọ́n lè máa rí omi pọn. Bí àwọn tí ó wà lókè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣègbé. Àwọn bàbá wa náà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù jù ni kí a má pè wọ́n ní olófòófó. Òfófó ni kí a gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkan lọ bá ẹlòmíràn kí a lè da àárín wọn rú. Ẹni tí ó sọ fún aláṣẹ kí ewu má bàa ṣẹlẹ̀ kò ṣe òfófó. Lóòótọ́, nínú Súúrà 49, ààyá 12, Ọlọ́run kọ àròsọ búburú àti títọ pinpin àṣírí ọmọnìkejì fún wa. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó rán ọ lọ yọjú ní fèrèsé aládùúgbò rẹ. Ohun tí ó bá ọ ní ìdí àtẹ rẹ ni mo ń wí.

Ìbẹ̀rù kan sì wà tí n kò lè bá ẹnikẹ́ni wí nítorí rẹ̀. A mọ ohun tí igbe “Olè!” ń dá sílẹ̀ láàárín èrò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Alúù lẹ́bàá Port Harcourt, wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì mẹ́rin ní olè, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ní ọdún 2017 ni ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀rí-ọkàn wo ni kò ní bẹ̀rù irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n láàárín ariwo àti ìdákẹ́jẹ́, ọ̀nà kẹta wà.

Obìnrin kan tí ó ń ta àlùbọ́sà wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó ní fún òwúrọ̀ mẹ́ta ni òun ti rí ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ńlá, tí ó ń fún ọmọbìnrin kékeré kan ní bísíkíìtì, tí ó sì ń mú un lọ sí apá gáréèjì. Gbogbo ìsọ̀ ló rí i, kò sí ẹni tí ó bèèrè. Ó ní, “Àlùfáà, ṣé òfófó kọ́ ni bí mo bá sọ ọ́?” Mo ní kí ó lọ sọ fún Ìyálọ́jà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ kejì, Ìyálọ́jà pe ọkùnrin náà jókòó, ó fún un ní omi, ó sì bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rán ènìyàn lọ bá ìyá ọmọ. Àbúrò bàbá ọmọ ni. Ìyá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni ó fi ń bá wọn mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó dúpẹ́ pé ojú ọjà wà lára ọmọ àwọn. Bí ó bá sì jẹ́ gbọ́mọgbọ́mọ ni, ọwọ́ ìbá ti tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ohun tí ojú rẹ rí ni kí o sọ: wákàtí, aṣọ, ọ̀nà tí ó gbà. Má ṣe fi “gbọ́mọgbọ́mọ ni” kún un. Ẹni tí ó ní àṣẹ ni kí o sọ fún: Ìyálọ́jà, lèmọ́mù, olórí ọlọ́dẹ, ọlọ́pàá, tàbí Amọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2020. Bí àgọ́ ọlọ́pàá bá ń bà ọ́ lẹ́rù, mú lèmọ́mù rẹ dání. Ṣùgbọ́n bí ewu bá ti dé, bí wọ́n bá ń fi agbára wọ́ ọmọ lọ, tàbí tí ẹnìkan gbé àpò sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí tí ó sì sá lọ, kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Ké sí àwọn ènìyàn, ẹ má fọwọ́ kan àpò náà, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì pe 112.

Ẹ̀yin olórí ọjà àti ẹ̀yin lèmọ́mù ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ wa ni ó kù. Bí ẹnìkan bá fi ohun tí ó rí tó wa létí, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jáde. Bí ọ̀rọ̀ náà bá já sí asán, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí a bá dójú tì lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tí ó rí i pé a dójú tì í yóò pa ẹnu mọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní ìtìjú tí í ṣe ti ìgbàgbọ́, kí ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.