Ohun Tí Ìtọ̀ Ń Sọ fún Dókítà

Bí ojú ọmọ bá wú ní òwúrọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí omi ọṣẹ, ọ̀pọ̀ òbí ni yóò ní oorun àsùnjù ni. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é ṣe kí kíndìnrín ọmọ náà ti wú, kí ó má sì dùn ún rárá. Ìtọ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ṣé o mọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì? Omi ògì a kọjá, èèrí a kù sókè. Báyìí ni kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Omi àti ìdọ̀tí a bọ́ sínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n purotéènì tí à ń pè ní albumin, tí ara ṣì nílò, a dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ ọjọ́ kan tí ara ẹni dá kì í ní ju mílígíráàmù 30 rẹ̀ lọ. Bí asẹ́ náà bá wú, ihò rẹ̀ a fẹ̀, albumin a sì máa jò. Ọ̀fun dídùn, tàbí kúrúnà tí ó ti di egbò, lè fa èyí fún ọmọdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní 1827, Richard Bright, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣíbí àti iná àbẹ́là tó fún àyẹ̀wò nígbà náà: ìtọ̀ tí albumin pọ̀ nínú rẹ̀ a dì bí funfun ẹyin. Lónìí, ọ̀pá pẹlẹbẹ kan ni a ń tì bọ ìtọ̀. Ojú rẹ̀ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ a di àwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá yìí kò mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọn albumin pọ̀ mọ́ creatinine, ìdọ̀tí tí iṣan ara ń dà sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́. Bí albumin bá tó mílígíráàmù 30 sí gíráàmù creatinine kan, ó ti kọjá ààlà. Ìtọ̀ àkọ́tọ̀ òwúrọ̀ ni ó dára jù fún un.

Ibà tàbí eré sísá lè mú albumin wá fún ìgbà díẹ̀; àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà a máa ba asẹ́ yìí jẹ́. Dókítà yóò tún wo ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ àti ìfúnpá, yóò sì ní kí o gbé ìtọ̀ mìíràn wá.