Ohun tí fóònù bíṣọ́ọ̀bù Kpalimé kọ́ wa nípa ààbò WhatsApp

Bí àwọn bàbá wa bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́, àrokò ni wọ́n máa ń dì. Ẹni tó gbé owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ dání kò rí ju owó ẹyọ lọ. Ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí ló mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà mọ́ òun.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni WhatsApp ń lò fún gbogbo ọ̀rọ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 2016. Kí ọ̀rọ̀ tó kúrò nínú fóònù yín ní Kétu, ó ti di àdììtú. Fóònù ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí ní Àjàṣẹ́ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò tú u. Bí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tàbí ìjọba bá dá a dúró lójú ọ̀nà, wọn kò lè kà á. WhatsApp fúnra rẹ̀ lè mọ ẹni tí ẹ kọ̀wé sí àti àkókò tí ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí ẹ kọ. SMS àti ìpè lásán kò ní irú ààbò yìí.

Báwo wá ni ẹnìkan ṣe fẹ́ ka ọ̀rọ̀ inú fóònù bíṣọ́ọ̀bù?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Citizen Lab, ilé-ìwádìí kan ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, kéde pé àwọn ọmọ Tógò mẹ́rin wà lára àwọn tí wọ́n dójú sọ fóònù wọn ní ọdún 2019. Ọ̀kan ni Benoît Alowonou, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kátólíìkì ní Kpalimé, ìlú tó wà ní agbègbè Plateaux kan náà pẹ̀lú Atakpamé. Èkejì ni àlùfáà Pierre Marie-Chanel Affognon, tó ń jà fún àtúnṣe òfin àti ètò ìdìbò. Olóṣèlú ẹgbẹ́ alátakò ni àwọn méjì yòókù.

Pegasus ni orúkọ ohun èlò amí náà. NSO Group, ilé-iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, ló ṣe é. NSO ní ìjọba nìkan ni òun ń tà á fún, kí wọ́n lè fi mú ọ̀daràn àti apániláyà. Láti ọdún 2018 ni Citizen Lab ti ka Tógò mọ́ orílẹ̀-èdè 45 tí wọ́n ti rí àmì Pegasus.

Pegasus kò já kọ́kọ́rọ́ tí WhatsApp fi ti ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ihò kan wà níbi tí WhatsApp ti ń gba ìpè, ibẹ̀ ni Pegasus gbà wọlé. Ìpè kan péré ti tó, ẹni tó ni fóònù kò tilẹ̀ ní láti gbé e. Bó bá ti wọlé, yóò máa ka ọ̀rọ̀ bí onífóònù ṣe ń kà á, nítorí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tú kí ojú tó lè kà á. Ó tún lè tan maikirofóònù àti kámẹ́rà láìjẹ́ pé onífóònù mọ̀.

Nǹkan bíi fóònù 1,400 ni wọ́n dójú sọ káàkiri ayé lọ́nà yìí. WhatsApp dí ihò náà, ó kìlọ̀ fún àwọn tọ́rọ̀ kàn, ó sì pe NSO lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, adájọ́ ní NSO jẹ̀bi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó dín owó ìtanràn tí wọ́n kọ́kọ́ bù fún un kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan WhatsApp mọ́.

Àwọn kan gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n ní ààbò WhatsApp kò wúlò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Torí pé ọ̀rọ̀ kò ṣeé kà lójú ọ̀nà ni amí fi ní láti na owó ńlá kó lè wọ fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àdììtú yẹn kò bá sí, ẹni tó bá jókòó sídìí nẹ́tíwọ̀kì lè máa ka ti gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òfin wà. Bẹ̀nẹ̀ ní Code du numérique láti ọdún 2018, APDP ní Kútọnu sì ni a lè fi ẹjọ́ sùn bí wọ́n bá ṣi àlàyé nípa wa lò. Tógò náà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹjọ́ sùn nípa amí tí kò mọ̀ pé ó wà? Ìdí nìyí tó fi yẹ ká máa bi àwọn aṣòfin wa léèrè: ta ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó wo inú fóònù ará ìlú, ta ló sì ń ṣọ́ ẹni tó ń wò ó?

Ní tiwa, bí fóònù bá béèrè mise à jour, ẹ má ṣe sún un síwájú nítorí forfait. Ihò ló ń dí. Ẹ fi kóòdù kejì sí WhatsApp yín, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù tó bá wọlé nípa SMS. Bí ẹ bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ yín sórí Google, ẹ wọ inú ètò WhatsApp, kí ẹ ti ẹ̀dà yẹn náà pa. A kì í di àrokò dáadáa tán, ká wá fi ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ gbayawu.